Ọjọ́ Tí Tíṣà Ro Iwájú Ilé

Tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rìn ní ìhòòhò. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá, àtìgbà tó sì ti fẹ̀yìn tì, àwa aládùúgbò ló wá ń kọ́. Kódà, ó gun àga, ó fi ọ̀dà pupa fi àmì ohùn sí àkọlé ṣọ́ọ̀bù mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí pé àlàáfíà ni mò ń wá.

Ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ kì í fi àmì sí nǹkan kan. Tó bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, ọkọ á kọ́kọ́ dà á kọ sínú ìwé, á fi gègé tún un ṣe, kó tó gbà pé òun ti rí i gbà.

Nígbà tí obìnrin náà lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ìkókó, Tíṣà kọ̀wé sí i pé òun fẹ́ palẹ̀ àwọn igi ògbólógbòó iwájú ilé mọ́, kí òun gbin òdòdó tuntun. Èsì dé: “E ro o daadaa.” Tíṣà fi àmì sí i, ó gbé e wá fi hàn mí: “Ẹ ro ó dáadáa.”

“Télọ̀, àṣẹ ti dé! Ó ní kí n fi ọkọ́ ro ó dáadáa.”

Mo rántí igi iwájú fèrèsé, èyí tí ìyá ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn kó tó kú. Ìyàwó Tíṣà kì í fẹnu kan omi láàárọ̀ kó má kọ́kọ́ bu fún igi yẹn.

“Tíṣà, ṣé tìyẹn náà?”

“Dáadáa ló kọ, kò kọ díẹ̀díẹ̀.”

Mo padà sídìí máṣíìnì mi. Ọjọ́ méjì ló fi gé, tó fi hú, tó fi ta okùn, tó sì to àwọn tuntun bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé èmi náà gbọ́ ọ: “Ṣé ẹ ti rò ó?”

Rò, ti ìrònú. Kì í ṣe ro, ti ọkọ́. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

“Mò... mò ń rò ó lọ́wọ́.”

“Ẹ ṣeun. Ọ̀la ni mò ń bọ̀.”

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wọ́ igi ìyá ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí ààtàn, ó ti rì í mọ́lẹ̀ padà, ó fi pákó ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ewé ti rẹ̀ dànù.

“Télọ̀, mú abẹ́rẹ́.”

Mo ti rán kóòtù, mo ti dín ṣòkòtò adájọ́ kù, mi ò rán ewé rí. Ewé mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo fi òwú aláwọ̀ ewé rán mọ́ ẹ̀ka. Tíṣà dúró tì mí, ó ní ọ̀kan kọjú síbi tí kò yẹ. Mo tú u, mo tún un rán. Inú ń bí mi, síbẹ̀ rírán náà wù mí.

Ìyàwó rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì, kò tiẹ̀ wọlé. Pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́ ló lọ bá igi náà, ó fọwọ́ kan ewé kan. Ewé bá ọwọ́ rẹ̀ lọ, òwú sì tẹ̀ lé ewé. Ó wo òwú, ó wá wo abẹ́rẹ́ tó wà lára kọ́là mi.

“Ẹ kú àbọ̀, mà,” ni mo sọ.

Ó jókòó sórí báàgì rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

“Mo ní kí ẹ rò ó.”

“O ò fi àmì sí i,” ni Tíṣà wí. Mi ò rí ọ̀mọ̀wé tó gọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

“Ẹ mọ ìyá mi. Ìṣojú yín ni wọ́n ti gbin igi yìí. Àmì wo lẹ tún ń wá?”

Tíṣà súnmọ́ igi náà. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi èékánná ha èèpo igi náà láti òkè wá sísàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló gbẹ. Nítòsí ilẹ̀, ó kan ibi kan tó ṣì tutù, kò ju orí ìka lọ. Ó sún sẹ́yìn kí ìyàwó rẹ̀ lè rí i.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó nu ojú.

“Àwọn òdòdó tuntun yìí ò fún un láyè.”

Tíṣà ò jiyàn. Orí eékún tó wà náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn.