Apirọrọ Ọjà Ìkòsí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó ti rẹ̀ látọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ lọ wo Àkànní ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ní ọjà èso Ìkòsí. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọmọ tuntun yòókù ń ké, ńṣe ni òun ń mí kanlẹ̀ bí awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Màìdúgùrí dé. Ẹ wá fojú inú wo bó ṣe rí nísinsìnyí tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ló ń tà fún àwọn tó ń rà á tún tà. Dúdú ni ọkọ̀ ń kó o wá láti oko, pípọ́n ni oníbàárà ń fẹ́. Ẹni tó bá sì ní òun á dúró kó pọ́n fúnra rẹ̀, ojú olúwa rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n. Gafar tí wọ́n jọ ń ṣòwò ló mọ ọ̀nà Owódé Onírin. Nǹkan kan wà tó máa ń dì sínú bébà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn jórinjórin tó ń jó irin níbẹ̀. Bó bá ti fẹ́ kì í sáàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, kó wọ́n omi sí i, kó fi ọ̀rá dúdú bò ó, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Àkànní á dìde, á gbé kẹ́tùlù rẹ̀, á lọ ṣe àlùwàlá, ìbáà jẹ́ àsìkò ìrun, ìbáà má jẹ́. Kò sí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá tó o ní gbogbo Kosofe.

Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á ti pọ́n yòyò: ara rẹ̀ bíi wúrà, ìdí rẹ̀ ṣì tutù bí ewé. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá kábáàdì àwọn jórinjórin ni wọ́n fi pọ́n ọn, Àkànní á ní, "Èmi? N ò sí ńbẹ̀. N ò mọ̀."

Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ. Wọn ò wá sọ fún wa bó ṣe ń rẹ apirọrọ tó. Ẹni tó sùn ń sinmi. Ẹni tó dijú tipátipá, ojú ló ń ro ó. Àkànní kì í jẹ nínú ọjà rẹ̀. Tilé wà lọ́tọ̀, ìdì kan tó so kọ́ yàrá rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀, tó ń pọ́n nígbà tó bá wù ú. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Ruqoyah, yà sọ́jà láti ọsibítù pẹ̀lú oyún nínú. Loveth wà níbẹ̀ tó ń to ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú basíà. Látìgbà tí Loveth ò tíì lọ́mọ ló ti ń rajà lọ́wọ́ Àkànní. Ẹ̀gbẹ́ iléèwé kan ní Gbàgádà ló ti ń tà á.

"Daddy, ebi ń pa mí o."

Gafar tó lawọ́ ti ya ẹ̀yà kan fún un. "Gbà, ìyá ìbejì!"

"Ìbejì báwo? Uncle Gafar, ẹ lọ bí tiyín!"

Ruqoyah ti bó ọ̀kan, ó ń gbé e lọ sẹ́nu.

"Má jẹ ẹ́!"

Ohùn Àkànní tí kì í ju ti ẹ̀fọn lọ ló dún bí ìbọn. Wọ́n ní àwọn aláta Mile 12 dọ̀bálẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Kí ló dé, Daddy?"

"Wọn ò... wọn ò tíì fọ̀ ọ́."

Loveth bú sẹ́rìn-ín. "Ah-ahn, Bàbá! Ta ló ń fọ ọ̀gẹ̀dẹ̀?" Ẹ̀rín náà dá dúró. Ó wo èyí tó wà nílẹ̀, ó wo èyí tó wà nínú basíà. "Èyí tọ́mọ yín ò gbọdọ̀ jẹ, ṣé òun ni mò ń gbé lọ?"

Gafar wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Àkànní wo kẹ́tùlù. Ó rẹ̀ ẹ́. Kò lè dìde.

"Kábáàdì ni," ó ní. "Mo mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ó ń retí kí Loveth bú òun, kó pe ọjà lé òun lórí. Loveth kàn jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán.

"Bàbá, ẹ ti bà mí jẹ́. Kí lẹ sọ ọ́ létí mi fún? Abeg, ṣé mo bi yín? Ṣé mo ti bi yín rí?"

"O ò bi mí."

"Mò ń rí ìdí ẹ̀ tó tutù. Mo máa ń fi ewé bò ó ni. Àwọn ọmọ mi ni mò ń fi basíà yìí bọ́. Báwo ni kí n ṣe é báyìí?"

Àkànní ní òun ò mọ̀. Òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí.

Loveth da ọ̀gẹ̀dẹ̀ nù sílẹ̀, ó gbé basíà òfìfo jáde. Ruqoyah ń wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

"Gafar," ni Àkànní wí, "ká ọ̀rá yẹn kúrò lórí àwọn tó kù."

"Ọ̀gá, kí la wá fẹ́ tà lọ́la?"

Loveth ni Àkànní ń wò. Ó ti dé ìsọ̀ òdìkejì, níbi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n yòyò. Ó sọ basíà kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Kò bi ọlọ́jà ní nǹkan kan.