Bí Àwọn Òbí Ṣe Wọ Ilé Ìdáná Ilé Ìtọ́jú Wa

Nígbà tí a ń ṣètò ilé ìtọ́jú fún àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú ní Ìdànrè, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì àti ọkùnrin olùgbaninímọ̀ràn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fẹnu kò pé ẹbí kò ní wá wo ọmọ ní oṣù àkọ́kọ́. A rò pé ọkàn àwọn ọmọ á tètè balẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí tramadol fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́. Ara rẹ̀ ń yá o, àmọ́ tí a bá jókòó láti sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀, tó ń bá olóko ṣe kòkó lọ́nà Ofosu, sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà lẹ́nu géètì wa, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà lé èjìká.

"Ẹ má bínú, sà, oṣù kò tíì pé," mo sọ fún un.

"Nọ́ọ̀sì, mi ò wá mú un lọ. Kó ṣáà rí mi ni mo fẹ́. Ó lè máa rò pé mo ti kọ òun sílẹ̀."

Olùgbaninímọ̀ràn ẹlẹgbẹ́ mi ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. A jọ máa wà níbẹ̀."

La bá kó sí ilé ìdáná. Bàbá gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ràbàtà-ràbàtà bí ẹni ń gé iṣu. Ọmọ wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bàámi, ta ló máa jẹ èyí? Ẹ gbé ọ̀bẹ wá!"

Bí ẹnu rẹ̀ ṣe là nìyẹn. Ó ń dín dòdò, ó ń sọ bí oorun ṣe kọ̀ ọ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, títí ó fi dédìí oògùn. Bàbá kò bá a wí. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń jẹ dòdò gbígbóná lọ.

Nígbà tó yá, a pe gbogbo àwọn ọmọ jọ kí wọ́n sọ ohun tó ṣe wọ́n láǹfààní nínú ètò wa. Mo ti ń retí pé wọ́n á yin àlàyé nípa oògùn olóró tí mò ń ṣe fún wọn ní àràárọ̀.

"Mà, ẹ ń gbìyànjú," ọ̀kan nínú wọn wí, "ṣùgbọ́n ó ti gùn jù. Oorun ló máa ń kùn wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rín. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí òbí tiwọn náà wá dáná. A gé àlàyé mi kúrú, a sì sọ Sátidé di ọjọ́ òbí. Kì í fìgbà gbogbo dùn: ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ jà lórí iyọ̀ kí wọ́n tó rẹ́. Ọmọbìnrin ọlọ́gẹ̀dẹ̀ ti padà sílé, ó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ní Owena.

Sátidé tó kọjá, wòlíì ìjọ aláṣọ funfun kan wá se ìrẹsì fún ọmọ rẹ̀. Ó jóná. Ọmọ náà gbàdúrà gígùn lé ìkòkò lórí, gbogbo wa ṣe àmín, a sì jẹ ẹ́ tán.