Ìdajì Aṣọ Inú Àpò Bàbá

Orí ẹyẹ kan ló fa ọkàn mi sọ́dọ̀ bàbá oníbáǹkì. Aṣọ ló ń tà nígbà tó ti Ṣakí wá sí Kétu ní òdìkejì bodè. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó pamọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì di báǹkì wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé, nítorí náà bàbá máa ń gé àǹkárá pélébé sí méjì ní kọ́lọkọ̀lọ: ìdajì fún olówó, ìdajì sínú àpò tirẹ̀. Mo ti yẹ̀ wọ́n wò dáadáa. Ojú gígé méjì kò jọra rí.

Lọ́jọ́ kan, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí obìnrin kan dé láti Adakplamè. Iná ti jó ilé rẹ̀ mọ́ ìdajì aṣọ rẹ̀.

"Ìyàwó mi, kí ló wà lára aṣọ náà?" ni bàbá bi í.

"Ẹyẹ ni, bàbá. Àlùmágàjí yín ló bẹ́ ẹ lórí!"

Bàbá pa ojú dé, ó ń fi ìka wá inú àpò bí ẹni ń gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn. Ó rẹ́rìn-ín. "Orí rẹ̀ nìyí. Kò tíì fò lọ." Ó san owó rẹ̀ pé.

Nísinsìnyí, bàbá ti darúgbó, ó fẹ́ padà sílé. "Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé ẹrù ẹlẹ́rù kọjá bodè," ló wí, ó sì gbé àpò náà àti owó tó kù fún mi. Ìdajì aṣọ mọ́kànlélógún ló wà nínú rẹ̀. Mo gbé e dé Okpomèta, mo gbé e dé Kpankou. Títí di àná, ogún ti bá ìdajì wọn pàdé, owó sì ti dé ọwọ́ àwọn tó ni ín. Ó ku ẹyọ kan, mo ṣì ń wá ẹni tó ni ín.