Ẹ̀ṣọ́ Tí Ò Lè Mú Aràn

Inú odò ni ọkọ mi ti ń wa yanrìn. Bí ọ̀gá wọn bá bú u, á kàn máa wolẹ̀ ni. Tó bá délé, á lu èmi àtàwọn ọmọ bí ẹni lu bàrà.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀, mo sìn ín lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ní, "Aràn inú odò ló wọ̀ yín lára. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Ọlọ́run dá mọ́ ẹ̀jẹ̀ yín ò lè mú un. Ẹyin ẹ̀ tó há sínú àpò ìtọ̀ yín ni wọ́n ń bá jà, àpò ìtọ̀ náà ni wọ́n sì ń bà jẹ́."

Ọkọ mi pòṣé. "Ẹ̀ṣọ́ rádaràda."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni wọ́n fìwà jọ, bàbá àwọn ọmọ mi."