Òróró Lórí Bíréèkì

Lẹ́yìn tí orí ṣe ẹ̀gbọ́n mi lóore, tí wọ́n mú orúkọ rẹ̀ nígbà tí ìjọba ń fi ìbò pín ilé Fẹ́sítáàkì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó gbà pé òun ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó ń wọ ọkọ̀ tó ní òrùlé. Ó ti rí àwòrán irú ọkọ̀ tó wù ú nínú ìwé ìròyìn kan: òyìnbó jókòó sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun rẹ̀ sẹ́yìn. Irun ti ń tán lórí ẹ̀gbọ́n mi nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dí i lọ́wọ́.

Ó ra ọkọ̀ ìjàpá kan tó ti forí sọ igi, lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan ní Kuje tó wà nítòsí Fẹ́sítáàkì. Wọ́n gé òrùlé rẹ̀ kúrò, wọ́n fi páànù ṣe ara mìíràn fún un. Gíláàsì iwájú wá láti ara bọ́ọ̀sì tó ti kú, àga méjèèjì wá láti ara tákísí. Iwájú ilé la ti ń tò ó pọ̀, lójú gbogbo àdúgbò.

“Ẹ̀gbọ́n, òrùlé ẹ̀ dà?” mo bi í.

“Ẹni tí orí ẹ̀ bá pé ò nílò òrùlé.”

“Òjò ńkọ́?”

“Òjò Fẹ́sítáàkì mọ èèyàn pàtàkì.”

Nílé wa, ẹni tó bá ní ọkọ̀ tuntun, ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò sì gbé e lọ fún ìdúpẹ́. Màmá wa ti dé láti ilé, gèlè rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Nígbà tí ìdúpẹ́ ku ọ̀la, alàgbà ìjọ wa wá gbàdúrà sí ọkọ̀ náà. Ó bá wa níbi tí a ti tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a sì ṣí ìkòkò irin tó máa ń bo bíréèkì. Inú alàgbà dùn.

“Ibi tí ọ̀tá ń gbà wọlé gan-an nìyí,” ó ní. Ó ṣí ìgò òróró àdúrà, ó sì dà á sórí bíréèkì ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò ṣahun rárá.

Bíréèkì àti òróró kì í gbé pọ̀. Bí ọ̀rá bá ti kan bíréèkì, kò ní lè di táyà mú mọ́, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀. Èmi náà mọ̀. Àmín la ṣe.

Bí alàgbà ṣe lọ, ẹ̀gbọ́n mi mú àkísà. Màmá wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí lo fẹ́ nù?”

“Òróró yìí ni, Màámi. Kò yẹ kó wà níbẹ̀.”

“Òróró àdúrà? Lójú mi? Gbé àkísà yẹn sílẹ̀.”

Ọ̀gá tí gbogbo ọ́fíìsì ń dìde fún gbé àkísà sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, a gbé ọkọ̀ náà jáde díẹ̀. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ ń lọ. Ó tún un tẹ̀, ọkọ̀ ń lọ.

“N ó rọra wà á lọ́la,” ó ní. “Jíà ni n ó fi máa dá a dúró. Ìwọ jókòó sẹ́yìn, kí o di igi mú.”

Irú ègé igi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù máa ń jù sábẹ́ táyà ló ń sọ. Mo ti gba oyè ní yunifásítì, mo sì ti ń kọ̀wé fi àwọn tó ń ṣe fáàrí ṣẹ̀sín. Ní ọjọ́ Ìsinmi yẹn, mo wọ kóòtù, mo kúnlẹ̀ sórí ìdérí ẹ́ńjìnì, tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ìjàpá, tó ń jó mi lórúnkún, mo gbá igi mọ́ àyà.

Màmá wa ń kọrin níwájú. Àwọn aládùúgbò ń pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí a gun orí afárá, ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màámi, ẹ di ara yín mú.”

“Olúwa ló dì mí mú. Wa ọkọ̀ ẹ.”

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fẹ̀yìn jáde láti ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ó sì dí gbogbo títì. Mo rí iṣan ọrùn ẹ̀gbọ́n mi. Ó tẹ bíréèkì, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo ti igi sábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Táyà gun igi náà, ó kọjá lọ bí ẹni tó ń kí mi. Gèlè ìyá mi nìkan ni mo ń rí, tó ń sún mọ́ irin ọkọ̀ yẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi yí ọkọ̀ sínú òkìtì yanrìn àwọn akọ́lé. Ó rì síbẹ̀ títí dé gíláàsì. Lẹ́yìn náà ni Màmá wa wúkọ́.

Ẹsẹ̀ la fi rin dé ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá wa jẹ́rìí níwájú ìjọ pé bí kì í bá ṣe òróró yẹn ni, òkú rẹ̀ ni à bá máa sọ. Ìjọ jó. Alàgbà ń wò wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n bá wa ti ọkọ̀ náà délé, Màmá wa tú gèlè, yanrìn ń dà nínú rẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo títì.

“Ẹ mú àkísà yẹn.”

“Màámi?”

“Ẹ tú táyà, ẹ fi pẹtiróòlù nu bíréèkì kó mọ́, kí ẹ sì dé e padà. Ẹ ṣe kíá. Alàgbà ní òun ń mú ìgò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ bọ̀.”

Ó fi ọwọ́ di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo wá àwàdà kan tí n ó ṣe, n kò rí. Mo kúnlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún.