Eérú Nínú Omi Aró

Aláró ni ìyá mi. Láyé ìgbà tí òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹ̀yìn ilé wa ní Agbowó ni wọ́n ti ń rẹ aṣọ, omi aró tí wọ́n bá dà nù sì ń ṣàn lọ sí ilé tíṣà kan nísàlẹ̀ wa. Ọjọ́ tí pẹ́pẹ́yẹ funfun wọn di aláwọ̀ aró, ìyàwó tíṣà fìbínú dé ẹnu ọ̀nà wa.

Èmi tí mo wà ní girama, tí mo sì mọ gbogbo nǹkan, ní kí wọ́n fi í lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé pé èédú máa ń fa àwọ̀ inú omi. Mo dá ihò sí ìdí garawa, mo gún èédú ààrò, mo kó o sí i teérú-teérú, mo da omi aró lé e. Aró ló wọlé, aró ló jáde.

Ìyá mi wo inú garawa. “Omi eérú la fi ń jí aró kó tó lè mú aṣọ. O tún wá kó eérú fún un, ṣé o fẹ́ kó sùn ni?”

Inú bí mi. Ìyá mi fọ èédú náà títí eérú fi tán lára rẹ̀, wọ́n tún da omi aró lé e. Èyí tó ń kán jáde mọ́ gaara. Wọ́n fi fọ ọwọ́ wọn, ọwọ́ náà ṣì dúdú.

“Fi ti ọwọ́ mi sílẹ̀,” ni wọ́n wí. “Òun ló ń rán ọ nílé ìwé.”