Ìyá Klara Fi Ẹ̀yìn Rìn Lọ Sódò

Ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ ná, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ èyí! Ní Wierzbie, abúlé wa, Otylia Skiba ló ń wọṣọ fún Marzanna láti ọdún mọ́kànlélógún. Koríko gbígbẹ la fi ń ṣe Marzanna bí obìnrin, òun ni òtútù fúnra rẹ̀. Bí yìnyín bá ti ń yọ́, a ó gbé e yí abúlé ká, a ó bú u dáadáa, a ó sì jù ú sódò. Bó bá ti kan omi, ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Bí a bá sì kọrí sílé, a ò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn. Ẹni tó bá wẹ̀yìn, àìsàn ọdún kan gbáko ni!

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, a ti rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé kí Otylia tó tọwọ́ bọ àpò. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa olówó pọ́ọ́kú tó yẹ kó wà lọ́rùn Marzanna ló bá níbẹ̀.

“Yéè! Iyùn ìyá ìyá mi!”

Iyùn tí Klara ọmọ rẹ̀ máa fi ṣègbéyàwó lẹ́yìn Àjíǹde ló ti ṣèèṣì fi sọ́rùn Marzanna.

Alojz ọkọ rẹ̀ pariwo, “Ìyá Klara, má wẹ̀yìn o! Bó o bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò máa se ọbẹ̀ fún mi?”

“Ikùn ẹ nìkan lo mọ̀! Ṣé wọ́n ní ká má padà ni, àbí ká má wẹ̀yìn?”

“Ká má wẹ̀yìn ni.”

“Ó tán!”

Ló bá kọjú sí abúlé, ló ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sódò. Gbogbo wa tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn bí alákàn. Alojz fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀, pọ̀ọ̀! Nígbà tá a débẹ̀, Marzanna ti há sí gbòǹgbò igi létí omi. Klara gbé dígí kékeré síwájú ìyá rẹ̀, ìyẹn sì na ọ̀pá ìkọ́ apẹja kan gba èjìká sẹ́yìn.

Alojz ní, “Ojú wẹ̀yìn nìyẹn!”

“Dígí ni mò ń wò. Ṣé ẹ̀yìn mi ni dígí wà?”

Ìgbà kẹrin ni ìkọ́ mú iyùn náà jáde, ó ń kán omi tótó. Ariwo ayọ̀ sọ!

Láti ìgbà náà, gbogbo abúlé ló ń fi ẹ̀yìn rìn padà lọ sódò lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú dígí lọ́wọ́. Àlejò kan béèrè lọ́dún yìí ibi tí àṣà náà ti wá. Alojz mójú le, ó ní, “Àwọn baba ńlá wa ló dá a sílẹ̀.” Otylia sáré wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀ ń rò pé irọ́ ni? Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì la máa ń ṣe é. Ẹ wá fojú ara yín rí i.